Fìdáù Lójú Súwè

Oríire tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ni ìyá ọlọ́mọ tó gbọ́ ọ. Ìyá Ishaq tó ń ta búrẹ́dì ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà Ògúnjìmí ló kọ́kọ́ kí i, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó gbé wọn ti Oregun bọ̀ nírọ̀lẹ́.

"Ìyá Fatimah, ẹ kú oríire àná o."

Bí wọ́n bá kí èèyàn kú oríire, kì í béèrè pé oríire wo. Yóò kọ́kọ́ dáhùn ná, nítorí ẹni tí kò mọ ohun rere tó wọ ilé ara rẹ̀, ta ni yóò bá a mọ̀ ọ́n? Kùdírátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé o. A dúpẹ́. Tiyín náà á dé láìpẹ́."

"Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un," ni Ìyá Ishaq wí, ó ń fi ọ̀rá we búrẹ́dì fún oníbàárà kan. "Ọmọ tí a ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Tó bá wá ra búrẹ́dì, ìka ló máa ń nà sí i. Òun náà ló wá ń kàwé sókè lójú gbogbo ayé, tó ń dún ketekete. Ó yẹ kí ẹ wà ńbẹ̀. Bùsáyọ̀ yẹn, Ọlọ́run ló fi í ta wá lọ́rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Kùdírátù dáhùn, bí ẹni tó gbé omi gbígbóná mì lójú àlejò.

Láti ibẹ̀ dé ilé rẹ̀ kò ju ilé mẹ́jọ lọ, síbẹ̀ èèyàn mẹ́ta ló tún kí i kú oríire kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń fi ọgbọ́n fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu wọn, díẹ̀ lọ́dọ̀ tibí, díẹ̀ lọ́dọ̀ tọ̀hún, títí ó fi kó gbogbo rẹ̀ jọ bí ẹni ń ṣa àfọ́kù àwo nílẹ̀. Fatimah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé ti ní kí wọ́n lọ yẹ etí rẹ̀ wò nítorí pé kì í dáhùn ìbéèrè, ló ka gbólóhùn mẹ́ta sókè láìṣi ọ̀kankan kà, lójú ọ̀nà, lójú tọmọdé tàgbà. Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Ìyá tó bí i ló gbẹ̀yìn.

Òpópónà Ògúnjìmí kì í ṣe ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta, tírélà ló ni ín. Ilé ìkẹ́rùsí mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí tírélà bá sì ń kọjá, abọ́ á máa mì lórí pẹpẹ, àwọn ìyá á máa fa ọmọ wọn mọ́ ara ògiri. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣeré, inú yàrá ni. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni Olúwabùsáyọ̀, ọmọbìnrin ilé kẹta tó ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì ríṣẹ́, lọ bá Alàgbà Ògúnjìmí tí í ṣe alága àwọn onílé. Ó ní nígbà tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí kì í ti ṣí lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ti ọ̀nà náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán, kí ọkọ̀ kankan má wọlé, ì báà ṣe ọ̀kadà, kí ó di ti àwọn ọmọdé.

Wọ́n ní Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní, "À ń ti ọ̀nà fún ìyàwó, à ń tì í fún òkú. Kí ló dé tí a ò ní tì í fún ọmọ?"

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ Àìkú bá ti mọ́, wọn á na okùn sójú ọ̀nà lókè àti nísàlẹ̀, wọn á to táyà tí wọ́n kùn ní funfun sídìí okùn náà, ariwo ọkọ̀ á sì dáwọ́ dúró. Bùsáyọ̀ á tẹ́ tápólì sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ládùúgbò, á to àwọn ìwé tó tọrọ káàkiri sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ á máa fi ìdérí ìgò kọ́ ìṣirò, àwọn mìíràn á máa fo okùn, àwọn mìíràn á máa yí táyà. Súwè tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fà sí ilẹ̀ á sì gùn láti ilé kìíní dé ìkẹfà.

Gbogbo èyí, etí lásán ni Kùdírátù fi gbọ́ ọ. Ọjọ́ Àìkú ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti ń di ọṣẹ sínú páálí máa ń ṣe ófàtáìmù, òun kì í sì í yẹ̀ é. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, wọ́n ti tú okùn, ọ̀kadà ti ń fi táyà pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́.

Bó ti ń ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé yìí, ó rántí ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ti dùbúlẹ̀. Fatimah wá dúró síbi ìgbèrí rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì funfun fún ṣọ́ọ̀kì.

"Màámi."

"Jẹ́ kí n sinmi ná, Fatimah."

"Màámi, mo…"

"Mo ní jẹ́ kí n sinmi."

Ọmọ náà dúró díẹ̀ sí i, ó sì rọra lọ.

Nísinsìnyí, ó bá a tó jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà inú yàrá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kùdírátù bọ́ bàtà.

"Wọ́n ní o kàwé lánàá."

Fatimah mi orí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ sinmi."

Ó dun Kùdírátù, nítorí pé òótọ́ ni. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò ilé ìwé ọmọ náà, ó ṣí i sí ojú ewé tó kọ́kọ́ rí. "Ó dáa. Kà á fún èmi náà kí n gbọ́."

Ọmọ náà wo ojú ìwé títí. Ètè rẹ̀ mì, kò sí ohun tó tibẹ̀ jáde.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń kà á," ó wí jẹ́jẹ́. "Àǹtí Bùsáyọ̀ máa ń kọ ọ̀rọ̀ sínú súwè, ọ̀kan nínú ilé kan, ọ̀kan nínú ilé kan. Tí mo bá ti fò wọnú ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á jáde. Àǹtí Bùsáyọ̀ ní ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gbọ́n, pé ojú mi ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kùdírátù wo kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwòrán igun mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, pupa àti funfun. Láti bí oṣù méjì ni ọmọ yìí ti ń fò láti orí pupa bọ́ sórí funfun, tó ń sọ nǹkan lábẹ́ ètè, tí òun sì ń pariwo mọ́ ọn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ṣé o fẹ́ wó ilé onílé ni? Jókòó sójú kan." Ọmọ rẹ̀ ń kàwé lójú rẹ̀, òun ń lé e jókòó.

Owú tí ìyàwó ń jẹ sí ìyàwó, ayé mọ̀ ọ́n, wọ́n ti fi kọrin. Èyí tí ìyá ń jẹ sí ẹni tó ṣe ọmọ rẹ̀ lóore, kò lórúkọ. Kò sí ẹni tí Kùdírátù lè rò ó fún tí kò ní sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí náà ó gbé e mì, ó sì ń hù nínú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ti ń fò dá tẹ́lẹ̀. Nínú gbólóhùn márùn-ún tí Fatimah bá sọ nílé, mẹ́rin ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Àǹtí Bùsáyọ̀ ní tí èèyàn bá fi omi sẹ́nu tó bá ń gé àlùbọ́sà, kò ní ta á lójú. Àǹtí Bùsáyọ̀ ní òjò tó rọ̀ lánàá ti rọ̀ rí. Àǹtí Bùsáyọ̀ ní kì í ṣe ẹni tó bá pariwo ló mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àbdùlgàfár ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlúpéjú tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní, "Fatimah, sáré lọ bá wa bi Àǹtí Bùsáyọ̀ bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ yìí tó." Bàbá rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ́rìn-ín. Kùdírátù kó àwo kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì jẹun tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí àwòrán náà. Ara ògiri ọgbà ilé wọn ni Fatimah fi ṣọ́ọ̀kì yà á sí. Obìnrin gíga kan wà ńbẹ̀ tó so fèrè mọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ó sì di ọwọ́ ọmọ kékeré kan mú. Ẹ̀rín ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Lápá ọ̀tún, nínú ilé onígun mẹ́rin kan, ẹnìkan nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di ojú. Kò ní ẹnu rárá.

Kùdírátù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó rẹ àkísà sómi, ó sì nu ògiri náà láti orí obìnrin gíga yẹn lọ sí ìsàlẹ̀. Ó nu ún títí omi funfun fi ń ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Fatimah jáde síta, ó wo ògiri, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì padà wọlé.

Lọ́jọ́rú ni ọ̀rọ̀ tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ jáde, ó sì jáde lẹ́nu ẹni tí kò ní i lọ́kàn. Bùsáyọ̀ pàdé rẹ̀ bó ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe, fèrè náà wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Fatimah. Mo ti ń wá yín. Àwọn kan láti ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá wò wá ní Sọ́ńdè yìí. Tí ohun tí à ń ṣe bá dáa lójú wọn, wọn á ri pátákó mọ́lẹ̀ pé ọ̀nà yìí di ti àwọn ọmọdé ní gbogbo Sọ́ńdè. Awakọ̀ kankan ò ní lè bá wa jà mọ́. Fatimah ni mo fẹ́ kó kàwé fún wọn. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ti gbà."

"O ti bá a sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ máa wá, àbí?"

"Mo níṣẹ́ ní Sọ́ńdè."

"Àá, ẹ má ṣèyọnu." Bùsáyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Èmi ni màá ṣe ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Kùdírátù fa apá rẹ̀ kúrò. Kò wọ ilé. Ó gba iwájú ilé ara rẹ̀ kọjá, ó lọ tààrà sí ilé Alága.

Àwọn ará òpópónà náà ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Ìkómọ lè dúró de ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìgbéyàwó lè lọ gba gbọ̀ngàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan òkú, kí onítọ̀hún sọ ọjọ́ tó fẹ́, ẹni tó ti gba ọ̀nà ṣáájú á kó ẹrù rẹ̀, á yàgò, á sì tún wá bá a gbé àga. Wọn kì í béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò purọ́ mọ́ òkú?

Alàgbà Ògúnjìmí ń gbọ́ rédíò lójúde. Ó yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Fatimah. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Bàbá. Fìdáù bàbá mi ni. Sọ́ńdè yìí ló bọ́ sí. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ọ̀nà kí n ta àtíbàbà sí i."

"Sọ́ńdè yìí? Ọjọ́ tí àwọn ọmọ…" Bàbá gé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. "Ó dáa. A kì í bá òkú du ọ̀nà. Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Màá bá Bùsáyọ̀ sọ ọ́, á yé e."

Kùdírátù kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò kábàámọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú lóòótọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ló kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà ọyẹ́. Wọ́n ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́, wọ́n ṣe ti ọdún. Fatimah wà níbi ti ọdún, ó jẹ mọ́sà títí inú fi ń run ún. Kò sí ohun tó kù tí wọ́n ń jẹ òkú náà. Ṣùgbọ́n àdúà kì í pọ̀ jù fún òkú, Kùdírátù sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́nà ilé, ó sì tún un sọ. Bí àwọn àáfà bá jókòó tí wọ́n ṣàdúà, ta ló lè pè é ní irọ́?

Ọkọ rẹ̀ ni kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. "Fìdáù wo?" ó béèrè. "Ṣé kì í ṣe inú ọyẹ́ ni Bàbá kú ni? Òjò ló ń rọ̀ yìí."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ ká ṣàdúà fún bàbá mi ni, Bàbá Fatimah?"

Àbdùlgàfár gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. "Èmi kọ́ o. Bàbá rẹ ni. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tí ò ń lé."

Fatimah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

Ohun tí Kùdírátù rò ni pé Bùsáyọ̀ á bínú, pé á wá bá òun jà, tí òun náà á sì ráyè tú inú òun jáde. Bùsáyọ̀ wá lóòótọ́, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ nígbà tí Kùdírátù wà nílé fún ìsinmi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ìrántí Bàbá, mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti pe àwọn àlejò yẹn pé kí wọ́n má wá mọ́."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àwọn á lọ wo òpópónà kan ní Onígbòǹgbò dípò tiwa." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò yọrí. "Kò burú. Táyà wa àti okùn wa, ẹ fi ti ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ní àwọn máa gbé omi fún àwọn àlejò yín. Wọ́n tún fẹ́ kọ orúkọ Bàbá sí pátákó kan kí wọ́n gbé e síwájú àtíbàbà. Fatimah ni mo ní kó kọ ọ́." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Fatimah, ṣé o rántí Bàbá àgbà? Irú èèyàn wo ni wọ́n?"

Fatimah wo ìyá rẹ̀. Kùdírátù rí ojú yẹn, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọmọ náà ò wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń béèrè irú ẹrù tí wọ́n fẹ́ kí òun bá wọn gbé. Lẹ́yìn náà ó pa ètè rẹ̀ pọ̀, ó sì wolẹ̀.

"Fatimah?" ni Bùsáyọ̀ tún pè é.

Kò dáhùn. Kò dáhùn lọ́jọ́ náà, kò sì dáhùn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìka ló ń nà sí omi, ìka ló ń nà sí oúnjẹ. Bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe àwàdà tó, kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí Kùdírátù ń fẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀ báyìí: odindi ọjọ́ méjì, kò gbọ́ "Àǹtí Bùsáyọ̀ ní" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì gbọ́ "Màámi."

Níta, oore ń ya lù ú láti ọ̀nà gbogbo. Ìyá Ishaq ní búrẹ́dì tí àwọn àáfà máa jẹ, kí ó fi sílẹ̀ fún òun. Alága ní òun á gbé àga tòun jáde. Àwọn tó ń kí i kú oríire lọ́jọ́ Ajé ló ń kí i kú ìrántí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn bákan náà, "A dúpẹ́ o. A dúpẹ́." Ó wá rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, òun ò tíì fi òótọ́ dáhùn ìkíni kan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pa ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ láago méjìlá. Aago kan ọ̀sán ti ń lọ lù nígbà tó dé ilé. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ìró kan nínú yàrá, tó-tó, tó, tó-tó. Ó rọra yọjú. Fatimah ló ń fò lórí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà. Ẹsẹ̀ kan sórí funfun, ẹsẹ̀ méjì sórí pupa. Ó di ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kàwé, ó sì fi ọwọ́ dé ẹnu kí ọ̀rọ̀ má baà jáde.

Kùdírátù ò mọ ìgbà tí àpò jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà dúró gbagidi, ó bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sáré jókòó bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ olè.

"Dìde," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò ní kí o jókòó. Kí lò ń kà?"

Fatimah gbọn orí.

"Sọ fún mi. Mi ò sùn."

Ó pẹ́ kó tó lanu. Nígbà tó sì lanu, ohùn rẹ̀ ti ha díẹ̀, nítorí àìlò.

"Màámi, ṣé Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ tún kú ni?"

Kò sí ìbéèrè tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láyé. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni ìdáhùn rẹ̀. Kùdírátù jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ń rùn fún ọṣẹ.

"Rárá," ó wí.

"Àǹtí Bùsáyọ̀ bi mí. Mi ò sọ fún wọn. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó lè bọ́ lẹ́nu mi. Ni mo bá kúkú dákẹ́."

Ìyá wo ọmọ. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi fa ohùn yìí jáde, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú okùn tí wọ́n nà sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà dẹ́rù bà á. Ọmọ náà sì dá a padà sínú nítorí ìyá rẹ̀, láìbéèrè ohunkóhun. Bùsáyọ̀ ò ní irú èyí. Èyí tí Kùdírátù ń jowú kiri láti ọjọ́ Ajé, ilé rẹ̀ ló wà, èyí náà ló sì fẹ́ fi bo irọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó mú fóònù jáde, ó pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Nígbà tó parí, ó di ọwọ́ Fatimah mú, wọ́n jáde.

Bùsáyọ̀ wà níwájú ilé kẹta, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi kànìnkànìn fọ táyà funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè mọ́ fún fìdáù. Bó ti rí wọn, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀ fún mi," ni Kùdírátù wí. "Bùsáyọ̀, kò sí fìdáù lọ́la. A ti ṣe fìdáù bàbá mi tán ní Ògbómọ̀ṣọ́, Fatimah yìí wà ńbẹ̀. Mo purọ́ láti gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ ni."

Omi ń kán láti ara kànìnkànìn. Bùsáyọ̀ wo Fatimah, ó wá wo ìyá rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún yín, Ìyá Fatimah?"

"O ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ọmọ mi lo ṣe lóore, mo sì ń jowú ẹ. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ohùn ẹ̀ kí èmi tó gbọ́ ọ. Ìwọ náà tún wá ní wàá ṣe ìyá ẹ̀."

"Mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀."

Bùsáyọ̀ ju kànìnkànìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Kùdírátù ti mọ̀ ọ́n, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ò ní padà wá lọ́dún yìí. Mo tún pè wọ́n lánàá, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó ti bọ́. Ẹ mọ iye ìgbà tí mo ti lọ sí ọ́fíìsì yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò bi ọ́ rí."

"Ẹ ò bi mí rí lóòótọ́."

Kùdírátù ò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé, Bùsáyọ̀ náà ò sì sọ pé ó ti tán. Fatimah ti bọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya igun mẹ́rin sínú omi tó dà sílẹ̀.

"Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe," ni Kùdírátù wí. "Láti ibí, ilé Alága ni mò ń lọ, ohun tí mo sọ fún ẹ yìí náà ni màá sọ fún un, Ìyá Ishaq náà á sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kó yọ orúkọ mi kúrò nínú ti Sọ́ńdè. Lọ́la, okùn ìsàlẹ̀, lápá ibi tí àwọn tírélà ń gbà, èmi ni màá dúró tì í, màá sì máa dúró tì í ní gbogbo Sọ́ńdè. Ìwọ ni kí o máa kọ́ ọ. Èmi ni màá máa ṣe ìyá ẹ̀. Owú náà ò tíì tán nínú mi, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ mọ́."